Yàrá tí wọ́n ti ń kọ eré apanilẹ́rìn-ín ní Amẹ́ríkà

Bí eré apanilẹ́rìn-ín bá bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà, orúkọ ẹnì kan tàbí méjì ló sábà máa ń hàn pé àwọn ló kọ ọ́. Irọ́ kọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, ẹnu ẹlòmíì ló ti jáde.

Inú yàrá kan ni gbogbo àwọn òǹkọ̀wé eré náà ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á yí tábìlì ká, wọ́n á kọ́kọ́ to ìtàn náà sára pátákó: kí ni ẹni yìí ń wá, ta ló dí i lọ́nà, ibo ni ìpolówó ọjà máa gé e sí? (Eré ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kì í ju nǹkan bí 22 lọ bí wọ́n bá yọ ìpolówó kúrò.) Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní kí ẹnì kan lọ kọ ọ́. Bó bá gbé e dé, gbogbo yàrá á bò ó. Wọ́n á máa kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ á sọ ọ́. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ó wọlé. Bí kẹ́kẹ́ bá pa, ó kú nìyẹn. Ẹni tó bá ń bínú torí pé wọ́n pa àwàdà òun rẹ́ ò lè pẹ́ níbẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń yà níwájú òǹwòran ló le jù. Àwọn òṣèré á jókòó ka ìwé eré náà sókè, àwọn òǹkọ̀wé á máa fetí sí ibi tí ẹ̀rín ò ti jáde. Ilẹ̀ lè ṣú mọ́ wọn lórí àtúnkọ. Kódà lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń yà á, bí òǹwòran bá dákẹ́, wọ́n á forí korí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, wọ́n á sọ òmíràn fún òṣèré, wọ́n á tún un yà.

Iṣẹ́ yìí ní àtẹ̀gùn: ẹni tó ń lọ ra oúnjẹ ọ̀sán ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó ń tẹ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ sínú kọ̀ǹpútà ló tẹ̀ lé e, ibẹ̀ gan-an sì ni ilé ẹ̀kọ́ wà. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan staff writer, òǹkọ̀wé tó kéré jù, títí dórí àwọn tí wọ́n ń pè ní producer. Oyè lásán ni o, àpò owó ò sí lọ́wọ́ wọn. Showrunner, olórí gbogbo wọn, ló ni àṣẹ ìkẹyìn.

Àwọn kan máa ń fo àtẹ̀gùn yìí. Aláwàdà orí ìtàgé ni Gina Yashere, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí London. Nígbà tí wọ́n ń gbèrò Bob Hearts Abishola, ìtàn obìnrin Yorùbá kan ní Detroit, ìmọ̀ràn ni wọ́n pè é fún. Ó di ọ̀kan nínú àwọn tó dá eré náà sílẹ̀, ó bá wọn kọ ọ́, ó tún ṣe Kemi nínú rẹ̀. Sáà márùn-ún ni eré ọ̀hún lò lórí tẹlifíṣàn CBS, láti 2019 sí 2024. Àwàdà inú ilé ọmọ Nàìjíríà lókè òkun, ẹni tí kò gbé inú rẹ̀ rí ò lè dédé rò ó já.

Owó ọ̀sẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé ń gbà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá sì hàn pé òun ló kọ apá kan ń gba owó díẹ̀ bí wọ́n bá tún apá náà fi hàn. Láyé ìgbà tí sáà kan ń ní apá 22, ìyẹn ń gbé èèyàn ró. Eré orí íntánẹ́ẹ̀tì sọ ọ́ di mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, oṣù iṣẹ́ sì dín kù. Ìdí kan nìyẹn tí Writers Guild of America, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé, fi yanṣẹ́ lódì fún ọjọ́ 148 ní 2023. Lẹ́yìn àdéhùn, staff writer tó bá kọ apá kan ń gbowó rẹ̀ lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí owó ọ̀sẹ̀.

Bí eré bá kógbá sílé, gbogbo yàrá ló ń tú ká. Oyè tí kálukú ti gbà ló máa gbé kiri, bó bá sì rí yàrá mìíràn wọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà fún un.