Wákàtí 30 ọ̀fẹ́ ní England: kí ló dé tí owó jẹ́lé-ó-sinmi kò tíì tán?

Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni ìjọba ti ń san owó wákàtí 30 ìtọ́jú ọmọ lọ́sẹ̀ ní England fún ọmọ tó ti pé oṣù 9 tí àwọn òbí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Inú àwọn òbí dùn, ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé owó tún dé, ọ̀rọ̀ náà rú ọ̀pọ̀ wọn lójú.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ni a tún ń san?

Ọ̀sẹ̀ 38 péré lọ́dún ni ìjọba ń sanwó fún, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ wákàtí 1,140. Bí wọ́n bá pín in yí ọdún ká fún òbí tí kì í gba ìsinmi bíi ti ilé ẹ̀kọ́, kò ju nǹkan bíi wákàtí 22 lọ́sẹ̀ lọ. Oúnjẹ, ìlédìí àti wákàtí tó bá lé, àpò òbí ni.

Kí ló mú kí ìtọ́jú ọmọ wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Òfin kò gba àgbàlagbà kan láyè láti tọ́jú ju ọmọ 3 tí kò tíì pé ọdún 2 lọ. Òṣìṣẹ́ púpọ̀ ni jẹ́lé-ó-sinmi gbọ́dọ̀ gbà nítorí èyí, owó oṣù wọn ló sì ń mú kí ó wọ́n.

Kí ló kan ọrọ̀ ajé nínú rẹ̀?

Ó kàn án gan-an. Mo mọ tọkọtaya kan tí ìyàwó ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú arúgbó, tí ọkọ sì ń jáde láago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gba ọmọ lọ́wọ́ ara wọn, ìyá tí kò tíì fojú kan oorun á sì jókòó ti ọmọ oṣù 11 tó ń rákò kiri títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó fiṣẹ́ sílẹ̀: ilé pàdánù owó oṣù, ìjọba pàdánù owó orí, àwọn arúgbó sì pàdánù ọwọ́ tó mọ̀ wọ́n. Ìdí nìyí tí Office for Budget Responsibility, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ìṣúná owó ìjọba, fi ṣírò ní 2023 pé ètò náà yóò mú nǹkan bí 60,000 èèyàn wọṣẹ́ nígbà tó bá fi máa di 2027-28. Québec ní Canada ti ṣe irú rẹ̀ ní 1997, ní dọ́là 5 lóòjọ́, iye ìyá tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì gòkè gan-an.

Ta ló lè gbà á?

Òbí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa gba ó kéré tán owó wákàtí 16 lọ́sẹ̀ ní ìwọ̀n owó iṣẹ́ tó kéré jù lábẹ́ òfin, kí owó ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì kọjá £100,000 lọ́dún.

Físà wa kò gba ìrànwọ́ ìjọba ńkọ́?

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kò lè gba wákàtí 30. Bí ẹnì kan nínú yín bá ní ẹ̀tọ́ sí ìrànwọ́, òun ni kí ó béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù físà gba èyí lọ́wọ́ ọmọ yín: gbogbo ọmọ ọdún 3 àti 4 ló ní ẹ̀tọ́ sí wákàtí 15, ohun yòówù kí ìwé ìgbélùú òbí rẹ̀ jẹ́.

Kí ni kí a má gbàgbé?

Ẹ béèrè kí oṣù Kẹjọ tó parí bí ọmọ yóò bá wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, kí ẹ sì máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta pé ó ṣì tọ́ sí yín.

Ṣé mo lè gbé ọmọ fún Àǹtí kan ládùúgbò, kí n máa fún un ní nǹkan?

Ẹ ṣọ́ra níbí. Ẹni tó bá ń gbowó tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 nínú ilé ara rẹ̀, tó ju wákàtí 2 lọ lóòjọ́, gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Òfin yọ ìyá àgbà, bàbá àgbà àti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí a ń pè ní Àǹtí nítorí ọ̀wọ̀ nìkan kì í ṣe ìbátan lójú òfin.