Níbo Ni Àwọn Obìnrin Tó Ṣẹ̀dá Orin Kíláásíkà Gbà Lọ?

Ìbéèrè: Bí a bá ní kí ènìyàn dárúkọ àwọn àgbà olùṣẹ̀dá orin kíláásíkà, ọkùnrin nìkan ni yóò kà. Ṣé àwọn obìnrin kò kọ orin láyé ìgbà náà ni?

Ìdáhùn: Wọ́n kọ ọ́. Hildegard ará Bingen ní Jámánì, tí a bí ní 1098, fi ọ̀pọ̀ orin ìsìn sílẹ̀; ní 1625, wọ́n ṣe ọ́pẹ́rà (eré ìtàgé tí a ń fi orin sọ) tí Francesca Caccini kọ, nílùú Florence ní Ítálì. Ẹni tí yóò tẹ ìwé orin wọn jáde, tí yóò sì máa lù ú lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́, ló sábà máa ń ṣọ̀wọ́n.

Ìbéèrè: A tún ń gbọ́ pé orúkọ ọkùnrin ni wọ́n fi sí iṣẹ́ àwọn obìnrin kan. Báwo wá ni iṣẹ́ ẹnìkan ṣe ń di ti ẹlòmíràn?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ Fanny Mendelssohn (1805–1847) ló là á yéni jù. Abẹ́ olùkọ́ kan náà ni òun àti Felix àbúrò rẹ̀, tó di gbajúmọ̀ olùṣẹ̀dá orin, ti kọ́ orin, síbẹ̀ ní 1820 baba wọn kọ lẹ́tà sí Fanny pé orin lè di iṣẹ́ fún Felix, ṣùgbọ́n ọ̀ṣọ́ lásán ni kó jẹ́ fún un. Mẹ́fà nínú orin rẹ̀ jáde lábẹ́ orúkọ àbúrò rẹ̀. Nígbà tí Ọbabìnrin Victoria kọ ọ̀kan nínú wọn fún Felix gbọ́ láàfin ní 1842, Felix ní láti jẹ́wọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ló ni ín. Ti Sónátà Ọdún Àjíǹde, orin píánò tí Fanny kọ ní 1828, tilẹ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: “F. Mendelssohn” ló wà lára rẹ̀, àwọn ènìyàn sì gbà pé Felix ni F yẹn. Ní 2010 ni olùwádìí Angela Mace yẹ ìwé náà wò, tó rí i pé ọwọ́ Fanny ni wọ́n fi kọ ọ́, àti pé nọ́ńbà ojú ewé rẹ̀ bá àwọn tó sọnù nínú ìwé orin Fanny mìíràn mu.

Ìbéèrè: Ṣé a rí èyí tí wọ́n bu ọlá fún lójú ayé rẹ̀?

Ìdáhùn: A rí i. Louise Farrenc, tó ń kọ́ni ní píánò ní Conservatoire, ilé ẹ̀kọ́ orin ti Paris, láti 1842, ń gba owó tó kéré sí ti àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí orin rẹ̀ fún ohun èlò mẹ́sàn-án gbayì ní 1850, ó ní kí wọ́n san iye kan náà fún òun, wọ́n sì san án (ìyẹn dùn mọ́ mi ju ìyìn ẹnu lọ). Àmọ́ ọlá ojú ayé kì í dáàbò bo ìwé: ọ̀kẹ́sítírà Chicago lu sínfónì (orin ńlá fún ọ̀kẹ́sítírà) Florence Price, obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ní 1933, síbẹ̀ inú ilé àpatì kan ní Illinois ni wọ́n ti rí òkìtì ìwé orin rẹ̀ ní 2009.

Ìbéèrè: Lónìí ńkọ́? Ṣé ó ṣì yẹ kí a ya ètò orin sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àwọn obìnrin?

Ìdáhùn: Ilé ọ́pẹ́rà Metropolitan ní New York ṣe iṣẹ́ Ethel Smyth ní 1903, ó di 2016 kí ó tó tún gbé ọ́pẹ́rà obìnrin mìíràn, Kaija Saariaho ọmọ Finland, sórí ìtàgé. Nítorí náà, ètò ọ̀tọ̀ ṣì wúlò. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìgbà tí sínfónì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Farrenc bá ń jáde nínú ètò ọjọ́ lásán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Robert Schumann, gbajúmọ̀ olùṣẹ̀dá orin ọmọ Jámánì, láìsí àlàyé pé obìnrin ló kọ wọ́n, ni a tó lè sọ pé wọ́n ti gba àwọn obìnrin wọ̀nyí wọlé.