Owó pọ́ọ́kú àbí ìtọ́jú oníbàárà: kí ni alágbàtà orúkọ ìkànnì ń tà gan-an?

Orúkọ ìkànnì ni àdírẹ́sì tí èèyàn ń tẹ̀ sórí fóònù kí ìkànnì kan tó ṣí, bí irú èyí tó parí sí .com tàbí .ng. Kò sẹ́ni tó ń rà á pátápátá. Ọdọọdún là ń sanwó rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Verisign ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo .com. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ICANN, àjọ tó ń bójú tó orúkọ ìkànnì káàkiri àgbáyé, fọwọ́ sí ló ń forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Alágbàtà wà nísàlẹ̀ wọn: ó ń gbọjà lọ́wọ́ wọn, ó ń fi èrè tirẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń báni kọ́ ìkànnì, alágbàtà ni wọ́n, bí wọn ò tiẹ̀ pe ara wọn bẹ́ẹ̀.

Gàrí ẹnì kan lè kúná ju ti ẹnì kejì lọ. Ti .com kò rí bẹ́ẹ̀: èyí tí wọ́n tà lówó gọbọi àtèyí tí wọ́n tà lọ́pọ̀, ọ̀kan náà ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ alágbàtà fi ń sáré gé owó.

Àmọ́ ibo ni wọ́n fẹ́ gé e dé? Kó tó di ọdún 1999 tí ọjà ṣí sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ Network Solutions nìkan ló ń ta .com, dọ́là 70 fún ọdún méjì. Nígbà tí ọjà wá ṣí, àyè wà láti fi owó pọ́ọ́kú gba oníbàárà. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, dọ́là 10.26 ni Verisign ń gbà lọ́dún lórí .com kọ̀ọ̀kan, lọ́wọ́ ńlá àti kékeré. Cloudflare, ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ tí ICANN fọwọ́ sí, sì ń tà á ní iye tí wọ́n rà á, torí ibòmíì ni èrè wọn ti ń wá. Alágbàtà wo ló fẹ́ bá ìyẹn du ú? Ẹni tó bá ń polówó .com ní dọ́là méjì ń pàdánù lọ́dún kìíní ni. Owó ọdún kejì ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Fún tiwa nílé, dọ́là la fi ń rà á, náírà la fi ń tà á. Bí náírà bá já wálẹ̀ díẹ̀ báyìí, èrè tín-ín-rín yẹn ti lọ.

Lójú tèmi, ìtọ́jú ni ọjà tó kù láti tà. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan péré. Òfin ICANN ní kí ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ fi ìránṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó ni orúkọ ní nǹkan bí oṣù kan, àti ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, kí àkókò rẹ̀ tó pé. Ìmeèlì ta ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí? Bó bá jẹ́ ti alágbàtà ló wà lákọsílẹ̀, tí kò sì yẹ̀ ẹ́ wò, oníbàárà ò ní gbọ́ nǹkan kan títí ìkànnì yóò fi kú, tí ìmeèlì iléeṣẹ́ tó so mọ́ ọn náà yóò sì dákẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa á rẹ́, 30 ọjọ́ ló kù láti gbà á padà, owó ìtanràn rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Alágbàtà tó pe oníbàárà lórí fóònù lóṣù kan ṣáájú ti jẹ èrè rẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi í pé orúkọ ta ni yóò fi forúkọ sílẹ̀, ìmeèlì ta ni yóò lò, àti bóyá yóò fún yín ní kóòdù tẹ́ ẹ lè fi kó orúkọ náà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá béèrè.