Òfin Ùgáńdà lórí akọsákọ: ta ló lẹ́nu láti báni wí?

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2024, Amẹ́ríkà yọ Ùgáńdà kúrò nínú AGOA, ètò tó ń jẹ́ kí ọjà ilẹ̀ Áfíríkà wọ ọ̀dọ̀ wọn láìsan owó ibodè. Òfin 2023 tó de ìbálòpọ̀ akọsákọ àti abosábo wà lára ohun tó fà á. Ìbéèrè wá ń rọ́ wọlé: àwọn ìlú mìíràn tó nírú òfin yìí ńkọ́?

Kí ni òfin ọ̀hún sọ?

Ẹ̀wọ̀n gbére. Ikú sì ni fún àwọn ẹ̀sùn kan, títí kan ti ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi rí tó tún ṣe é.

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan Saudi Arabia?

Saudi ò sí nínú AGOA, kò síbi tí wọn ì bá ti yọ ọ́. Àmọ́ ìbéèrè yín ò ṣófo. Adájọ́ lè dájọ́ ikú fún akọsákọ níbẹ̀, Amẹ́ríkà ò sì yé ta ohun ìjà fún wọn. Nàìjíríà tó wà nínú AGOA gan-an ńkọ́? Láti 2014 ni òfin ti ní kí ọkùnrin tó bá gbé ọkùnrin níyàwó lọ fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 jura. A ò kúrò nínú AGOA lọ́jọ́ kan.

Ẹ tún wo Jámánì. Ní oṣù Kẹta 2022, mínísítà wọn, Robert Habeck, wá gáàsì lọ sí Qatar, níbi tí akọsákọ ti jẹ́ ọ̀ràn. Ní oṣù Kọkànlá, àwọn agbábọ́ọ̀lù Jámánì fọwọ́ bo ẹnu nínú fọ́tò ní ife ẹ̀yẹ àgbáyé níbẹ̀, torí pé FIFA ò jẹ́ kí wọ́n so báǹdì OneLove, àmì ìtakò sí ẹ̀tanú, mọ́ apá. Kí oṣù náà tó parí, Qatar kéde àdéhùn gáàsì ọdún 15, ó kéré tán, fún Jámánì. Ẹnu nìkan ni wọ́n bò.

Ṣé òótọ́ ni pé Òyìnbó ló mú òfin yìí wá?

Amúkùn-ún ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ní 1860 ni Ìlú Ọba kọ irú rẹ̀ sínú òfin Íńdíà, wọ́n sì gbin oríṣi rẹ̀ sí àwọn ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n ń ṣàkóso, Ùgáńdà àti Nàìjíríà pẹ̀lú. Nílé tiwọn, 1967 ni England àti Wales tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Northern Ireland dúró di 1982, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù ti dá Ìlú Ọba lẹ́bi.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o: òfin 2023 kì í ṣe iṣẹ́ amúnisìn. Àwọn aṣòfin Kampala ló jókòó kọ ọ́. Oníwàásù ará Amẹ́ríkà kan, Scott Lively, wàásù tako akọsákọ níbẹ̀ ní 2009, ọdún tí àbá òfin àkọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n oníwàásù kì í dìbò nílé aṣòfin.

Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ mọ́ bí?

Títí di 2003 tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé e, ìpínlẹ̀ tó lé ní 10 ṣì ní irú òfin yìí. Ti Texas ṣì wà nínú ìwé, bí kò tilẹ̀ lágbára mọ́.

Ṣé àgàbàgebè wọn wá dá Ùgáńdà láre?

Rárá. Ẹni tó wà látìmọ́lé ò lè fi ẹ̀ṣẹ̀ Ìlú Ọba gba béèlì.

Ṣé ìlú tó bá ṣe irú òfin yìí gbọ́dọ̀ máa bẹ̀rù àìrówó yá?

Fúngbà díẹ̀. Báńkì Àgbáyé dá ẹ̀yáwó tuntun fún Ùgáńdà dúró ní oṣù Kẹjọ 2023. Ní 2025, wọ́n tún ṣílẹ̀kùn. Òfin náà ò tíì kúrò nígbà yẹn.

Mo ń lọ sí Kampala. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Ohun tí ẹ bá sọ àti ohun tí ẹ bá tẹ̀ jáde. Ní oṣù Kẹrin 2024, ilé ẹjọ́ fagi lé apá tó ní kí aráàlú máa fẹjọ́ sun, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì lè torí ìpolongo akọsákọ sọ èèyàn sẹ́wọ̀n ọdún 20. Bí ẹ bá jẹ́ oníròyìn tàbí òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́, ẹ bá agbẹ́jọ́rò ibẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra.