Ìmúrasílẹ̀ fún ayé àgbà: kí ló túmọ̀ sí fún ọmọ tó nílò àkànṣe ìrànlọ́wọ́?

Òbí tó bá ní ọmọ tó jẹ́ àkàndá ẹ̀dá, ìbáà jẹ́ ọ́tísìmù, ìbáà jẹ́ Down syndrome, tàbí ọmọ tí ẹ̀kọ́ kì í tètè yé, kò ní ṣàì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu olùkọ́ tàbí dókítà bí ọmọ náà bá ti ń balága: "Ó tó àkókò ká máa múra rẹ̀ sílẹ̀ fún ayé àgbà." Ọ̀pọ̀ òbí á mi orí, wọ́n á sì padà sílé láìmọ ohun tí wọ́n ní kí àwọn ṣe gan-an. Àwọn kan rò pé iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ní kí ọmọ lọ kọ́. Àwọn mìíràn rò pé ilé ìwé fẹ́ fọgbọ́n lé ọmọ náà jáde ni.

Ètò ni. Ẹbí, ilé ìwé, àwọn elétò ìlera àti ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló jọ ń là á sílẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e fún ọdún bíi mélòó kan, kó tó di pé ọmọ bọ́ kúrò lábẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ọmọdé. Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ. Kí ni yóò máa ṣe lójúmọ́ tí ilé ìwé bá parí? Ibo ni yóò máa gbé, ta ni yóò sì wà nítòsí? Báwo ni ìlera rẹ̀ yóò ṣe máa dúró? Àwọn wo ni yóò máa bá ṣọ̀rẹ́, tí yóò máa bá jáde? Ní England, orí mẹ́rin yìí ni wọ́n pín ètò náà sí. Òfin Children and Families Act ti ọdún 2014 jẹ́ kí ìwé ètò ìrànlọ́wọ́ ọmọ lè wà títí di ọmọ ọdún 25, bẹ́ẹ̀ sì ni láti kíláàsì tí ọmọ ti ń pé ọdún 14, wọn kò gbọdọ̀ ṣe àyẹ̀wò ọdọọdún lórí ìwé yẹn kí wọ́n má mẹ́nu ba ayé àgbà. Ní Amẹ́ríkà, òfin IDEA, tó jẹ́ òfin ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó jẹ́ àkàndá, ní kí ètò yìí ti wà nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ ọmọ, ó pẹ́ tán, nígbà tó bá pé ọdún 16.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń tètè bẹ̀rẹ̀? Torí pé ìrànlọ́wọ́ ọmọdé ní ọjọ́ orí tó ń parí, tó bá sì ti parí, lẹ́ẹ̀kan náà ni. Dókítà ọmọdé á ní òun ti ṣe tòun. Ilé ìwé á ní ó dàbọ̀. Ọkọ̀ tó ń wá gbé e láràárọ̀ kò ní wá mọ́. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ọjọ́ tí ọmọ bá pé 18 ni òfin ti kà á sí àgbà, kódà bí kò bá lè kọ orúkọ ara rẹ̀, ìfọwọ́sí ìyá tàbí bàbá kò sì tó mọ́. Ilé ìwosàn tó ti ń bá ìyá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ á wá kọjú sí ọmọ: "Oògùn wo lò ń lò?" Ọmọ á wo ojú ìyá. Ìyá á dáhùn, nọ́ọ̀sì á kọ ọ́ sílẹ̀, kálukú á sì máa lọ. Ohun tí ètò yìí ń wá ni kí ọmọ ti mọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn tipẹ́, tàbí kó ní káàdì kan lápò tó lè fà yọ fún nọ́ọ̀sì.

Ní tèmi, ibi tí ọ̀pọ̀ ètò bẹ́ẹ̀ ti ń wọ́ ni pé ohun tí ọmọ kò lè ṣe ni wọ́n ń kà sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ìbá sàn kí wọ́n ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń bá a ṣe. Ọmọ ọdún 15 wà tó lè wọ ṣòkòtò rẹ̀, àmọ́ tí ìyá ṣì ń bá a wọ̀ ọ́ torí pé ọkọ̀ ilé ìwé ti ń fọn fèrè níta. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ó ti rẹ ìyá náà, ìyẹn náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ yìí ni kí àgbà kọ́ bí a ṣe ń yọ ọwọ́ ara ẹni díẹ̀díẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á kọ́kọ́ fọ́ iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́. Ẹ mú wíwọ ṣòkòtò: mú un, wo ibi tí iwájú wà, jókòó, ki ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́, ki èkejì, dìde, fà á dé ìbàdí, dé bọ́tìnnì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀. Ìyá á ṣe gbogbo rẹ̀ títí tó fi ku bọ́tìnnì, ọmọ á dé e. Tí bọ́tìnnì bá ti mọ́ ọn lọ́wọ́, ìyá á dúró ní orúnkún. Ọmọ á fà á gòkè, á sì tún dé bọ́tìnnì rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ báyìí ni wọ́n á máa sún sẹ́yìn títí iṣẹ́ ìyá á fi tán. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé ọmọ ló ń parí iṣẹ́ náà nígbà gbogbo, kò sọ́jọ́ kan tó dìde níbẹ̀ bí ẹni tó kùnà.

Ìrànlọ́wọ́ fúnra rẹ̀ kò dọ́gba. Ká di ọwọ́ ọmọ mú ká bá a ṣe é ló wúwo jù. Ká ṣe é kó wò ó fúyẹ́ ju ìyẹn lọ, ká nàka sí nǹkan náà tún fúyẹ́ sí i. Èyí tó ṣòro jù láti mú kúrò, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣe mọ̀, ni ọ̀rọ̀ ẹnu. "Ó yá, ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó yá, èkejì." Ọmọ tí wọ́n bá ń fi ẹnu darí báyìí á mọ iṣẹ́ náà dunjú, àmọ́ kò ní mira àfi tó bá gbọ́ "ó yá". Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn àwòrán tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, tàbí aago tí a ṣètò sórí fóònù: ọmọ lè mú ìwọ̀nyí lọ síbi tí ìyá kò ní sí. Kí òbí dákẹ́ náà wà lára rẹ̀. Ẹ ka ẹ̀ẹ́wàá nínú kí ẹ tó la ẹnu. Nígbà mìíràn, ọmọ tí ẹ rò pé kò gbọ́ ṣì ń rò ó lọ́wọ́ ni.

Láàárín ọdún 1970 sí 1980, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Marc Gold gba irú ọ̀nà yìí kọ́ àwọn tí wọ́n ti pa tì pé wọn kò lè kọ́ nǹkan kan. Bíréèkì kẹ̀kẹ́ ológeere, tó ní irin wẹ́wẹ́ rẹpẹtẹ, ló ní kí wọ́n máa tò, wọ́n sì ń tò ó. Èrò rẹ̀ ni pé tí ẹ̀kọ́ kò bá wọlé, olùkọ́ ni kó lọ wá ọ̀nà mìíràn.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya òbí lẹ́nu. Ọmọ á mọ owó kà ní kíláàsì, á dé ilé ìtajà, kò ní mọ̀ ọ́n kà mọ́. Kò gbàgbé. Owó bébà orí tábìlì ló kọ́, ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń ka owó nígbà tí èrò tò sẹ́yìn ẹni tí ariwo sì gba gbogbo ibẹ̀. Ibi tí wọ́n á ti lo ẹ̀kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti kọ́ ọ. Lórí èrò yìí ni Project SEARCH dúró, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Cincinnati, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1996: inú ibi iṣẹ́ gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń lo odindi ọdún ẹ̀kọ́ kan, wọ́n ń ti ẹ̀ka kan bọ́ sí òmíràn, olùkọ́ iṣẹ́ sì wà nítòsí tó ń fà sẹ́yìn bí ọwọ́ wọn ṣe ń mọ́ ọn. Láyé àtijọ́, ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa ń ní kí ọmọ kọ́kọ́ kọ́ tán kí wọ́n tó wáṣẹ́ fún un. Ọ̀pọ̀ ló sì kọ́ ọ títí tí irun fi hù lágbọ̀n wọn.

Ìpinnu ló kù, òun ló sì le jù fún òbí. Àdéhùn àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá, ti ọdún 2006, sọ ní abala 12 rẹ̀ pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ kan náà lábẹ́ òfin bíi ti gbogbo èèyàn, kí ìjọba sì pèsè ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n nílò láti lo ẹ̀tọ́ náà. Ìyẹn ni pé ká ran ọmọ lọ́wọ́ láti pinnu, ká má kàn bá a pinnu. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ: ẹ gbé méjì síwájú rẹ̀, kó mú ọ̀kan, kí ẹ má sì pààrọ̀ èyí tó mú. Bó bá fi owó rẹ̀ ra ìranù, ẹ jẹ́ kó rà á. Lọ́dún 1972, Robert Perske, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá, kọ̀wé pé ààbò tó bá ti pọ̀ jù ń gba iyì ọmọnìyàn lọ́wọ́ ẹni tí a ń dáàbò bò, pé ewu tó mọ níwọ̀n jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni.

"Rárá" náà wà lára ìpinnu. Ọmọ tí wọ́n ti kọ́ láti máa gbọ́ràn sí gbogbo àgbà lẹ́nu kò ní mọ bó ṣe máa kọ̀ fún ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ. Ara kì í dúró de ọpọlọ kó tó dàgbà. Kíkan ilẹ̀kùn kí a tó wọlé, ẹni tó lè rí ìhòòhò rẹ̀, ẹni tí kò gbọdọ̀ rí i: ó yẹ kí ọmọ ti mọ gbogbo èyí kó tó balága.

Ọmọ tí kò ní lè sọ̀rọ̀ láéláé ńkọ́, tí kò ní lè dá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Ètò yìí kan òun náà. Ní tirẹ̀, àwọn tó yí i ká ló kù ká múra sílẹ̀. Ohun tí ìyá mọ̀ nípa rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò nínú orí ìyá nìkan: bó ṣe ń ṣe tí inú bá ń run ún, orin tó ń mú un dákẹ́, ìhà tó gbọ́dọ̀ fi lélẹ̀ tó bá sùn. Ojú ìwé kan tó fún un. Ẹ tún fi fóònù ya fídíò bí ẹ ṣe ń fún un lóúnjẹ, kí ẹ sì máa tún ìwé yẹn kọ lọ́dọọdún torí pé ọmọ ń yí padà. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹlòmíràn, bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí àbúrò ìyá, máa gba iṣẹ́ alẹ́ náà ṣe látìgbàdégbà nígbà tí ìyá ṣì wà láyé tó sì ní okun, tí wọ́n lè pè é lórí fóònù tí nǹkan kan bá rú wọn lójú.