Kí ló dé tí wọn kì í béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ apẹja orí afárá Santa Monica?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní Los Angeles la máa wà lóṣù kẹjọ, ó sì ní òun á mú wa lọ fi ìwọ̀ pẹja ní Santa Monica. Ó ní tá a bá dúró sórí afárá gígùn tó wọ inú òkun yẹn, a ò nílò ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n tá a bá sọ̀ kalẹ̀ sórí iyanrìn, dandan ni. Ṣebí òkun kan náà ni? Àbí ó fẹ́ kó bá mi ni?

Ìdáhùn: Kò kó bá ọ. Bí òfin California ṣe wí nìyẹn. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 16 gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó pẹja, àmọ́ wọ́n yọ ẹni tó bá wà lórí afárá ìpẹja ti ìlú létí òkun sílẹ̀. Òfin ò béèrè ibi tí ìwọ̀ rẹ bọ́ sí, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ tẹ̀ ló ń béèrè. Dúró sórí iyanrìn kó o ju ìwọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó afárá, owó ìtanràn ń dúró dè ọ́. Ẹni tó wà lókè orí rẹ, tó ju tiẹ̀ sójú kan náà, kò sẹ́ni tó máa bi í.

Ohun tí òfin pè ní afárá ti ìlú ni kó o wò: ohun tí èèyàn kọ́, tó jẹ́ ti ìjọba, tí tolórí-tẹlẹ́mù lè wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì ń lò kí ará ìlú lè rí ibi pẹja. Lójú tèmi, ẹni tí kò lówó ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n rò.

Ìbéèrè: Ká kàn máa kó ẹja nìṣó nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o! Ìwé àṣẹ nìkan ni wọ́n fi jì ọ́. Ọ̀pá méjì péré ni fún ẹnì kan. Halibut, ẹja pẹlẹbẹ kan, tí kò bá tó ínǹṣì 22, dá a padà sómi. Ọ̀kàsà, edé ńlá olókarahun yẹn, ní káàdì tirẹ̀ tó o gbọ́dọ̀ gbà kó o tó mú un. Má sì gbé ọ̀pá fì lókè orí kó o tó ju ìwọ̀, èèyàn ń kọjá lẹ́yìn rẹ. Rọra tú okùn sílẹ̀ kó lọ tààrà sísàlẹ̀.

Ìbéèrè: Irú ẹja wo la máa rí?

Ìdáhùn: Tó bá bọ́ sí i fún ọ, Titus! Ìbátan èyí tí à ń rà lọ́jà ni. Okùn oníwọ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́fà, tí wọ́n so ìyẹ́ tín-ín-rín mọ́, ni wọ́n fi ń mú un, ó sì lè gbé mẹ́ta wá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ á máa dán bí ewé tí ìrì sẹ̀ sí, ìlà dúdú wọ́gọwọ̀gọ lórí rẹ̀, á máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ. Èmi tí mo dàgbà mọ Titus ní gbígan bí igi ìdáná, ẹnu yà mí.

Ìbéèrè: Ṣé a lè sè é jẹ?

Ìdáhùn: Titus, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ láti Santa Monica títí dé Seal Beach, ẹja márùn-ún ni ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ: white croaker, black croaker, barred sand bass, topsmelt àti barracuda. Ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ ṣe oògùn kòkòrò DDT láti 1947 sí 1982, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi da ìdọ̀tí rẹ̀ sójú ọ̀nà ẹ̀gbin tó ń ṣàn sókun ní Palos Verdes. Ó ṣì wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, ibẹ̀ sì ni white croaker ti ń jẹun. Inú ọ̀rá ẹja ni DDT ń sá pamọ́ sí. Má sọ pé wàá dín in gbẹ. Iná ò pa DDT.

(Afárá Santa Monica yẹn gan-an, nígbà tí wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án 1909, páìpù ẹ̀gbin ìlú ni wọ́n torí ẹ̀ kọ́ ọ.)

Wàá rí pátákó tí wọ́n ya àwọn ẹja márààrún sí. Ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù kó o tó ju ìwọ̀.