Ìbẹ̀wò àárín sẹ̀mẹ́sítà: bí olùkọ́ yunifásítì ṣe ń gbọ́ ohun tí kíláàsì rẹ̀ ò lè sọ lójú rẹ̀

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pín fún akẹ́kọ̀ọ́ lópin sẹ̀mẹ́sítà láti fi sọ bí olùkọ́ ṣe kọ́ wọn sí ní àbùkù ńlá kan: ẹja ti gbẹ kí wọ́n tó ní kí wọ́n ká a. Àwọn tó kọ ẹ̀dùn ọkàn wọn sílẹ̀ ti ń palẹ̀ mọ́, bí àtúnṣe kankan bá sì wáyé, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa jẹ ẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn ibùdó tó ń ran olùkọ́ yunifásítì lọ́wọ́ (Yunifásítì Michigan ló kọ́kọ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1962) fi ń lo ọ̀nà mìíràn. Wọ́n á rán àlejò kan sínú kíláàsì, á gbọ́ tẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí olùkọ́ wọn ò sí níbẹ̀, á sì jíṣẹ́ fún olùkọ́ yẹn nìkan.

Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló ń pe àlejò yìí, kì í ṣe olórí ẹ̀ka. Bí sẹ̀mẹ́sítà bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 15, àárín ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkeje ló dára jù. Ṣáájú ìgbà yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ ò tíì gba èsì ìdánwò kankan, wọn ò sì tíì mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ kẹjọ, àyè àtúnṣe ti tán.

Kí àlejò tó wọ kíláàsì, òun àti olùkọ́ á jókòó fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó máa béèrè iye akẹ́kọ̀ọ́, ohun tó yẹ kí wọ́n lè ṣe nígbà tí kọ́ọ̀sì bá parí, ohun tó ń kọ olùkọ́ lóminú, àti èyí tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ láti yí padà, bíi máàkì tí òfin yunifásítì ti pín fún ìdánwò.

Lọ́jọ́ náà, ìṣẹ́jú 25 sí 30 tó, ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì ló sì yẹ kó jẹ́. Bí wọ́n bá fi í sí ìparí, àpò ti wà léjìká gbogbo ènìyàn. Olùkọ́ á fi àlejò hàn wọ́n, á sì jáde. Kó jáde tán ni o, kì í ṣe kó dúró sẹ́bàá fèrèsé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á pín ara wọn sí ọ̀wọ́ ẹni mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹnìkan á máa kọ̀wé, wọ́n á sì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá dáhùn ìbéèrè méjì: Kí ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ yìí yé yín? Kí ló ń dí yín lọ́wọ́, báwo lẹ sì ṣe fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe?

Apá ìkẹyìn ìbéèrè kejì yẹn ni ẹ̀mí iṣẹ́ náà. "Wọ́n ń sáré jù" ò ran olùkọ́ kankan lọ́wọ́. "Kí wọ́n fún wa ní ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn ìṣirò kọ̀ọ̀kan ká fi dán an wò fúnra wa" ṣeé ṣe láti ọ̀la. Bí ọ̀wọ́ kan bá mú ìráhùn lásán wá, àlejò á béèrè pé, "Bó bá dára, báwo ni yóò ṣe rí?" Kò gbọdọ̀ gbèjà olùkọ́, kò sì gbọdọ̀ bá wọn dá sí i.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan á sọ̀rọ̀, àlejò á kọ ọ́ sójú pátákó, gbogbo kíláàsì á nawọ́ sí èyí tí wọ́n fara mọ́, a ó sì ka ọwọ́. Bí wọn ò bá ka ọwọ́, ohùn ẹni tó lẹ́nu jù ló máa di ohùn gbogbo kíláàsì. Nínú akẹ́kọ̀ọ́ 60, ohun tí ẹni 48 sọ àti ohun tí ẹni márùn-ún sọ kì í ṣe ẹgbẹ́. Nínú gbọ̀ngàn tí èrò pọ̀ sí, fóònù tàbí bébà pélébé ni kí wọ́n fi dìbò.

Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, àlejò á mú ìròyìn ojú ìwé kan lọ bá olùkọ́. Títẹ̀ ni kó tẹ̀ ẹ́, kó má kó bébà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún un, torí olùkọ́ lè mọ ọwọ́ ìkọ̀wé wọn. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ló máa ń ṣáájú, nítorí bí èèbù kan ṣoṣo bá wà nínú ìyìn ogún, èèbù yẹn lojú olùkọ́ á lẹ̀ mọ́. Wọ́n á wá yan àtúnṣe méjì tàbí mẹ́ta, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbogbo ìráhùn kọ́ ló túmọ̀ sí pé ìkọ́ni ò dára. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní kíláàsì físíìsì ní Yunifásítì Harvard, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2019, àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ fúnra wọn nínú kíláàsì gba máàkì ju àwọn tó kàn ń gbọ́ àlàyé lọ, síbẹ̀ wọ́n rò pé ohun tí àwọn kọ́ kéré. Irú ìráhùn bẹ́ẹ̀ kì í béèrè pé kí olùkọ́ pa ọ̀nà náà tì. Kó ṣàlàyé ìdí tó fi ń lò ó ni.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń kú jù ni kíláàsì tó tẹ̀ lé e. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ fi ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá sọ ohun tó gbọ́, ohun tí yóò yí padà, àti èyí tí kò ní yí àti ìdí rẹ̀. Bó bá dákẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ á gbà pé ẹ̀tàn ni. Bó bá sì ń wá ẹni tó sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa sòótọ́ fún àlejò mìíràn mọ́.

Ìròyìn náà ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ka, kó má sì wọ fáìlì ìgbéga àfi bí olùkọ́ bá fẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi ṣe ìgbéga, kíláàsì tó dùn jù nìkan ni olùkọ́ á máa pe àlejò sí. Yunifásítì tí kò ní ibùdó lè ṣe é náà: kí olùkọ́ méjì láti ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe é fún ara wọn, bí kò bá sáà ti sí èyí tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹnìkejì tàbí tó jókòó sí ìgbìmọ̀ ìgbéga rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí olùkọ́ pín bébà kékeré kan tí ìbéèrè kan wà lórí rẹ̀: ǹjẹ́ àtúnṣe yìí ràn yín lọ́wọ́, àbí kí a dá a padà?